Fìlà Mi Tó Kù Sórí Òkè

Ọmọkùnrin mi kejì ló fa gbogbo rẹ̀. Ó mú ọmọbìnrin kan wálé lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, ọmọ abúlé orí òkè kan lápá Ogbooro, tó ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Ṣakí. Ọmọ náà kúnlẹ̀ kí mi, ó kúnlẹ̀ kí ìyàwó mi, ó sì fọ abọ́ tí ó fi jẹun kí ó tó máa lọ. Mi ò rí nǹkan kan sọ sí i. Ṣùgbọ́n ní ilé tiwa ní Ìsẹ́yìn, a kì í torí abọ́ kan tí ọmọ fọ̀ kí a má ṣe ìwádìí. Kí àgbà kankan tó dìde lọ tọrọ ọmọ lọ́wọ́ òbí rẹ̀, ẹnì kan ní láti kọ́kọ́ yọ́ lọ wo ilé tí ọmọ ti jáde wá. Ṣé oníjà ni wọ́n? Ṣé ọwọ́ wọn mọ́? Ṣé àìsàn kan wà tí wọ́n ń fi pamọ́? Ẹni tó bá sì lọ kì í sọ ohun tó bá wá. Á ní òun ń wá àgbàdo rà ni, tàbí pé òun ṣìnà.

Àbúrò ìyàwó mi la kọ́kọ́ rán. Kò tíì fìdí kan ilẹ̀ tí wọ́n fi lé e padà.

"Ìyá àgbà kan ló yọ sí mi bí oyin," ni ó wí, bí ó ti ń bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà wa. "Ó ní àwọn ò ta àgbàdo fún ẹni tó ń yọjú wo yàrá oníyàrá. Ẹ̀gbọ́n mi, ìjà ni wọ́n fi ń ṣínu níbẹ̀!"

Ìyàwó mi ní ọ̀rọ̀ parí. Ọmọ wa ní bí kì í bá ṣe ọmọ yìí, òun ò fẹ́yàwó mọ́ láyé. Láti ọjọ́ náà ni ìyá àti ọmọ ò ti bára wọn sọ̀rọ̀ mọ́. Ọmọ mi á jókòó sídìí òfì lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, á di ọ̀kọ̀ òwú mú lọ́wọ́, kò sì ní jù ú. Mo rí i pé bí n kò bá dá sí i, yóò kó ẹrù rẹ̀ kúrò nílé. Ni mo bá sọ fún àwọn méjèèjì pé èmi gan-an ni n ó lọ fojú ara mi wò ó. Bí mo bá dé tí mo ní ó yá, ó yá nìyẹn. Bí mo bá sì ní rárá, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ dárúkọ ọmọbìnrin náà mọ́ ní agboolé wa.

Ọmọ mi wò mí títí. "Bàbá, ẹ̀yin kọ́ ló yẹ kó lọ. Ẹnu yín kì í dákẹ́."

"Ta ni o ń bá wí?"

"Ẹ̀yin náà ni, sà."

Ọ̀nà tí mo gbà lọ ni ẹ ó fi rẹ́rìn-ín. Nígbà náà, àwọn kan ti ń fi bọ́ọ̀sì kó àwọn ará Ìbàdàn wá wo àwọn òkè wa. Àárọ̀ ni wọ́n ń lọ, ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń dé. Wọ́n á gun àpáta, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á sọ̀ kalẹ̀. Mo gbọ́ pé abúlé ọmọbìnrin yẹn wà lára ibi tí wọ́n ń yà sí. Mo ní ó tán, ta ni yóò bi ẹni tó wá wòran léèrè pé kí ló ń wò? Mo san owó mi ní gáréèjì Ìsẹ́yìn, níbi tí wọ́n ti ń dúró gbé èrò, mo wọ bùbá àti ṣòkòtò tó mọ́, mo dé fìlà òfì mi tó dára jù lọ, mo sì pinnu pé ará Ìbàdàn ni mí títí di ìrọ̀lẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti fìlà náà kí n má baà gbàgbé. Ilé wa ní nǹkan kan tí a máa ń ṣe sí aṣọ tí a bá hun fún ara wa. Ní etí aṣọ, a ó fa òwú pupa kan ṣoṣo gba àárín dúdú, a ó wá fi òwú ofeefee méjì tẹ̀ lé e. A kì í ta á. Oníbàárà tó bá tọrọ rẹ̀, a ó ní òwú náà ti tán lọ́jà. Bàbá bàbá mi ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, kò sì sọ ìdí rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Irú etí bẹ́ẹ̀ ló yí fìlà mi ká lọ́jọ́ náà, èmi tí mo ń sá pamọ́.

Amọ̀nà wa jẹ́ ọmọkùnrin kan láti Ṣakí, tó so fèrè mọ́rùn bíi rẹfirí.

"Bàbá, ẹ̀yìn ni tiyín," ni ó fi pàdé mi lẹ́nu ilẹ̀kùn bọ́ọ̀sì. "Àwọn tó ń ya fọ́tò ló ni iwájú."

"Ẹ káàárọ̀ náà ńkọ́?"

"Ẹ káàárọ̀, sà. Ẹ̀yìn ni tiyín."

Mo lọ sẹ́yìn. Tíṣà kan ni mo bá níbẹ̀, obìnrin tó fi awò dúdú bojú, tó ti fi báàgì gba àyè ẹni méjì. Ó gbé báàgì náà sórí itan bí ẹni pé ẹ̀yà ara rẹ̀ kan ni mo ní kó gé sọnù.

"Ìbàdàn lẹ̀ ń gbé?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Apá ibo?"

"Ọjà-Ọba."

"Háà! Ọjà-Ọba ni wọ́n bí mi sí! Agboolé wo?"

Mo dijú, mo bẹ̀rẹ̀ sí í hanrun. Mo gbọ́ tó ń sọ fún ẹni iwájú pé ìwà àwọn àgbà ayé ìsinyìí ò dára mọ́.

A kọjá Ilua nígbà tí ọyẹ́ ṣì bo ojú ọ̀nà bí èéfín. Níwájú díẹ̀, àwọn ọdẹ tó ń ṣọ́ ọ̀nà na igi dí wa. Láti ìgbà tí àwọn ajínigbé ti ń yọ àgbẹ̀ lẹ́nu nínú ọ̀dàn wa, kò sí ẹni tí àwọn ọdẹ wọ̀nyí ń fojú rere wò. Ọ̀kan nínú wọn ki orí bọ inú bọ́ọ̀sì, ìbọn ń fì lẹ́yìn rẹ̀.

"Níbo lẹ̀ ń lọ?"

"A fẹ́ lọ wo òkè ni," amọ̀nà dáhùn.

"Kí ló ṣe òkè?"

"Kò sí nǹkan tó ṣe é. Wọ́n kàn fẹ́ wò ó ni."

Ọdẹ náà wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan. Ojú rẹ̀ dúró lé mi. "Àgbà bí ẹ̀yin náà? Nígbà tí ẹgbẹ́ yín wà lóko?" Ó yí sí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. "Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọjá. Ẹni tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́ ò lè jí èèyàn gbé." Wọ́n gbé igi kúrò, wọ́n ń fi wá rẹ́rìn-ín. Láti ibẹ̀ ni inú ti bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi.

Abúlé tí a kọ́kọ́ yà sí, ilẹ̀kùn ni wọ́n ń tì bí a ti ń sọ̀ kalẹ̀. Mo gbọ́ bí àwọn ìyá ṣe ń pe ọmọ wọn wọlé. Amọ̀nà fọn fèrè, ó kó wa jọ síwájú ilé kan, ó nawọ́ sí i bí ẹni tó ń fi ẹran ìgbẹ́ han èèyàn.

"Ẹ wo ilé yìí dáadáa. Amọ̀ ni wọ́n fi mọ ọ́n. Bí wọ́n ṣe ń gbé láti ìgbà ìwáṣẹ̀ nìyí."

Ọkùnrin tó ni ilé náà ń la igi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀. Kò gbé orí sókè. "Ọmọ Ṣakí, ọdún tí mo gbéyàwó ni mo kọ́ ilé yìí. Ṣé ìgbà ìwáṣẹ̀ nìyẹn?"

"Bàbá, ẹ má bínú, àlàyé ni mò ń ṣe fún wọn."

"Lọ ṣàlàyé ilé bàbá ẹ." Ó la igi, ẹ̀là igi náà ta sí wa lẹ́sẹ̀, kò sì bẹ̀ wá.

Ẹ ò ní gbàgbọ́, inú mi dùn díẹ̀. Mo ń kó gbogbo rẹ̀ pa mọ́ fún ìyàwó mi. Mo ní bí àwọn tó wà nísàlẹ̀ bá le báyìí, àwọn tó wà lókè yóò ti rí? Mo ti mọ ohun tí n ó wí nígbà tí mo bá délé. Rárá ni n ó wí. Ohun tó kù ni kí n kàn dé ibẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà ní n ò dé ibẹ̀.

Ọ̀nà òkè náà ga. Bọ́ọ̀sì dúró sísàlẹ̀, a fi ẹsẹ̀ gùn ún. Tíṣà ń ráhùn bàtà, amọ̀nà ń fọn fèrè sí wa bí ẹni ń da màlúù. Nígbà tí a yọ sókè, abúlé náà wà níbẹ̀ lóòótọ́, ilé mélòó kan, mọ́ṣáláṣí kékeré kan, ewúrẹ́ lórí òkúta. Lẹ́yìn ilé tó kángun ni àpáta kan tẹ́ pẹrẹsẹ, wọ́n sì ti sá iṣu kún un, iṣu tí wọ́n gé, tí wọ́n bọ̀, tí wọ́n fẹ́ sọ di èlùbọ́. Funfun rẹ̀ ń tàn nínú oòrùn. Tíṣà ní ibẹ̀ gan-an ni òun fẹ́ dúró sí, nítorí pé láti ibẹ̀ lèèyàn ti ń rí ọ̀dàn títí dé ibi tí ojú mọ. Ó gbé ẹsẹ̀ kan lé iṣu. Ó gbé ìkejì lé e. Mo gbọ́ bí ó ṣe ń fọ́.

Ìsẹ́yìn ni wọ́n bí mi sí. Wọ́n ti nà mí rí ní kékeré torí pé mo fò kọjá lórí iṣu tí wọ́n sá. Ṣùgbọ́n ará Ìbàdàn ni mí lọ́jọ́ yẹn. Mo wo ibòmíràn.

"Ta ló ń fi bàtà tó ti tẹ ìgbẹ́ ewúrẹ́ tẹ oúnjẹ wa?"

Ìyá kan yọ láti ẹ̀yìn ilé, ọ̀pá lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti darúgbó, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn rẹ̀ ò tẹ̀. Amọ̀nà fọn fèrè, ó ní, "Màmá, ẹ fara balẹ̀, àlejò ni wọ́n."

"Lọ fọn ọ́n sí ìyá ẹ létí! Àlejò kì í kí èèyàn ni? Obìnrin, kúrò lórí iṣu mi!"

Tíṣà fò sẹ́yìn, ó tún tẹ òmíràn fọ́. Ìyá náà bẹ̀rẹ̀ sí í bú wa láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, ó bú bọ́ọ̀sì wa, ó bú ẹni tó bí amọ̀nà. Gbogbo ohun tó ti ń bí mi nínú láti àárọ̀ ló gun orí mi. Mo bọ́ síwájú.

"Ìyá, kí ló le tó báyìí? Iṣu lásánlàsàn! Ta ló ní kí ẹ sá a síbi tí èèyàn ń gbà kọjá? Ọlọ́run ló ni àpáta, ẹ̀yin kọ́ lẹ tẹ́ ẹ síbẹ̀."

Ó yí sí mi wẹ́rẹ́. "Ìwọ ọkùnrin yìí, ṣé o ní ìyá?"

"Mo ní in. Kì í pariwo bí tiyín."

Àwọn ará Ìbàdàn rẹ́rìn-ín, orí mi sì wú. Ìyá náà gbé ọ̀pá sókè. Bí ó ti gbé e sókè ni ìborùn yẹ̀ lára èjìká rẹ̀, oòrùn sì tàn sí etí ìborùn náà. Òwú pupa kan nínú dúdú. Ofeefee méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Iṣẹ́ ọwọ́ mi ni. Ọmọ mi tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ mi kí Iléyá tó dé, ó ní ẹnì kan tí òun ń bọ̀wọ̀ fún ni òun fẹ́ fún. Mi ò bi í léèrè ẹni náà.

Obìnrin kan ké láti ojú fèrèsé ilé kejì. "Ìyá Nọ́ọ̀sì, ẹ má jẹ́ kí wọ́n mú yín bínú o, ẹ rántí ẹ̀jẹ̀ ríru yín!"

Ìyá Nọ́ọ̀sì. Ọmọbìnrin tí ọmọ mi mú wálé ni nọ́ọ̀sì náà, ìyá bàbá rẹ̀ sì nìyí. Ọwọ́ mi lọ sórí mi fúnra rẹ̀, mo ṣí fìlà, mo ń wá àpò tí n ó kì í bọ̀.

"Dé e padà," ni ìyá náà wí. Kò pariwo mọ́, ìyẹn sì bà mí lẹ́rù ju ariwo lọ. "Níbo lo ti rí fìlà yẹn?"

"Mo rà á ni. Lọ́jà Ìsẹ́yìn."

"Irọ́ lo pa. Ọmọ tó mú ìborùn yìí wá fún mi ní bàbá òun kì í ta elétí yìí fún ẹnikẹ́ni." Ó sún mọ́ mi, ó fi ìka méjì di etí fìlà náà mú lọ́wọ́ mi, ó gbé etí ìborùn rẹ̀ tì í. "Ó tún ní ẹnu bàbá òun kì í dákẹ́."

Amọ̀nà ní kí a máa lọ, pé oòrùn ti ń mú. Ìyá náà fi ọ̀pá dá a dúró láìwo ojú rẹ̀. Èmi ni ó ń wò.

"Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ rán obìnrin wá ra àgbàdo. Lẹ́ẹ̀kejì, ẹ fi bọ́ọ̀sì kó ara yín wá. Ó dáa. Ìbéèrè kan ni mo ní. Ṣé òǹwòran ni yín, àbí àna? Bí ẹ bá jẹ́ òǹwòran, ẹ tẹ̀ lé onífèrè yìí, ẹ lọ wo òkè yín, kí n má rí ọmọ yín ní ẹnu ọ̀nà mi mọ́ láéláé. Bí ẹ bá jẹ́ àna, ẹ mọ ohun tí àna máa ń ṣe."

Mo wo ẹ̀yìn. Gbogbo wọn ti gbé fóònù sókè. Mo rò ó pé kí n bá wọn lọ. Kò nira rárá. N ó délé, n ó ní rárá, yóò sì tán. Ṣùgbọ́n mo tún rí ọmọ mi nídìí òfì, ọ̀kọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ tí kò jù. Mo kórìíra ìyá náà lójú ẹsẹ̀ yẹn, kí n má purọ́ fún yín. Mo wá wá ibi tí kò sí iṣu, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, àyà mi kan àpáta.

"Ẹ wò ó dáadáa," ni mo gbọ́ tí amọ̀nà ń wí lókè orí mi. "Bí wọ́n ṣe ń kí àgbà lórí òkè nìyí. Láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni."

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi.

Ìyá náà ò ní kí n dìde. Ó jẹ́ kí wọ́n yà mí tó, ó jẹ́ kí wọ́n tò kọjá lọ sí orí òkè, èmi ṣì wà nílẹ̀, àpáta ń jó mi láyà. Nígbà tí ohùn fèrè jìnnà, ó ní, "Ẹ dìde. A ò tíì yí iṣu ẹ̀gbẹ́ ibí yìí. Ẹ yí i."

Bí mo ṣe dé fìlà mi padà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í yí iṣu nìyẹn, ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo ń ṣa èyí tó fọ́ sọ́tọ̀. Mi ò rí ohun tí mo sanwó rẹ̀. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ọkùnrin kan gòkè bọ̀ láti oko, ọkọ́ léjìká rẹ̀. Ojú ọmọbìnrin yẹn gan-an ló wà lójú rẹ̀. Ó dúró.

"Ta nìyí?" ni ó bi ìyá rẹ̀.

"Ẹni tó wá wádìí wa ni."

"Kí ló rí?"

"Kò tíì rí nǹkan kan. Iṣu ló ń yí."

Ọkùnrin náà wò mí, ó wọlé. Mo gbọ́ òórùn ọbẹ̀. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú ilé, jẹ́jẹ́: "Màmá, ẹ jẹ́ kí n gbé tiẹ̀ fún un." Ìyá náà ní kò sí oúnjẹ fún amí. Ó tún bẹ̀ ẹ́. Kò fi ìbínú sọ̀rọ̀, ìyá rẹ̀ náà ò pariwo mọ́ ọn. Wọ́n kàn ń fà á síwá sẹ́yìn bí àwọn tó mọ ara wọn dáadáa. Nígbà tó yá, ó jáde, ó gbé igbá omi kan kalẹ̀ létí àpáta, ó padà wọlé. Ìwádìí tí mo wá ṣe, ibẹ̀ ni mo ti ṣe é, lórí ìkúnlẹ̀, láìbi ẹnikẹ́ni léèrè nǹkan kan.

Àwọn ará Ìbàdàn sọ̀ kalẹ̀ nígbà tí oòrùn ti yẹ̀. Tíṣà sáré wá bá mi, ó ti gbé fóònù sókè.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un ṣe! Èyí tí mo gbà yẹn, orí yín ò hàn níbẹ̀."

Mi ò tíì dáhùn tí ọ̀pá fi balẹ̀ lórí àpáta láàárín àwa méjèèjì.

"Tún kí ni ṣe?" ni ìyá náà wí. "Àna mi kì í ṣe ọ̀bọ yín. Gbé ẹ̀rọ ẹ kúrò lójú rẹ̀ kí n tó fọ́ ọ mọ́ ọ lọ́wọ́. Ìwọ onífèrè, kó àwọn èèyàn ẹ sọ̀ kalẹ̀!"

Mo fẹ́ dúpẹ́. Ó nawọ́ sí mi kí n tó lanu, ó ṣí fìlà náà kúrò lórí mi bí ẹni ń ká èso.

"Èyí ń dúró síbí. Lẹ́yìn ìkórè, kí ẹ wá bó ṣe yẹ kí àna wá, ẹ̀yin àti àwọn àgbà ilé yín, lójú mọ́mọ́. Ẹ ó gbà á lọ́wọ́ mi. Bí ẹ bá tún fi bọ́ọ̀sì òǹwòran wá, ewúrẹ́ ni n ó fi fún."

Láti orí òkè títí dé Ìsẹ́yìn, orí mi ṣófo nínú ọyẹ́ ìrọ̀lẹ́. Tíṣà ti gbé báàgì rẹ̀ padà sáàárín wa.

Ìyàwó mi wà lẹ́nu ọ̀nà. Ọmọ mi dúró lẹ́yìn rẹ̀, kò wọlé, kò jáde.

"Fìlà yín dà?"

"Ó wà lọ́dọ̀ àwọn àna wa."

Kò tètè yé ìyàwó mi. "Irú èèyàn wo wá ni wọ́n?"

"Wọ́n le. Wọ́n le ju bí àbúrò rẹ ṣe wí lọ." Mo jókòó, mo ń gbọn eruku kúrò ní àyà bùbá mi. "Lẹ́yìn ìkórè, a ó lọ tọrọ ọmọ wọn."

Ìyàwó mi jókòó tì mí. Ọmọ mi ò dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó kàn sáré lọ sídìí òfì. Ó ní òun yóò hun fìlà mìíràn fún mi kí ilẹ̀ tó mọ́. Mo ní kò gbọdọ̀ dán an wò, èyí tó wà lórí òkè ni n ó lọ gbà.